Bébà Yẹ́lò Inú Dúrọ́ọ̀ Akóredé

Kò sí ohun tó ń sọnù lọ́wọ́ Adùnọlá. Ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn. Bí dókítà bá ń wá ìwé kan tó ti pẹ́, tí àwọn tó kù ti wá a títí tí wọn ò rí i, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Á gbé awò rẹ̀ sójú, á rọra rìn lọ sídìí pẹpẹ kan, á sì fa ìwé náà yọ bí ẹni mú ṣíbí nínú kíṣìnnì ara rẹ̀. Nílé rẹ̀ ní Clinton lókè òkun, rìsíìtì fíríìjì tí wọ́n ti gbé dànù ṣì wà nínú fáìlì. Káàdì àjẹsára ọmọ rẹ̀, Tijésùnimí, tó ti wà ní yunifásítì báyìí, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Délé ọkọ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ibi tí Nóà ti ra pákó tó fi kan ọkọ̀, kó wá bi ìyàwó òun, rìsíìtì rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Irú obìnrin yìí ló wá sọ bébà kan ṣoṣo nù, bébà tí kì í tilẹ̀ ṣe tirẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mọ́tò dúró síwájú ilé, kò tíì pa á, nígbà tí ohùn Akóredé wọlé sórí fóònù rẹ̀. Akóredé ni àbúrò ọkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ń bá ilé-iṣẹ́ àwọn awọnlẹ̀ ṣiṣẹ́, tó sì ti kó lọ sí fúláàtì tirẹ̀ ní Adelphi láti nǹkan bí ọdún méjì.

“Auntie, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o,” ni ohùn náà wí. “Ẹ jọ̀ọ́, Saturday tí mò ń mú Zoe bọ̀ wá kí yín, mo fẹ́ fi game mi yẹn hàn án, the train one. Town yẹn ṣì wà lórí flash mi. Mo ti ra laptop tuntun, but ó ń béèrè key. Yellow paper tí mo kọ ọ́ sí wà nínú top drawer, ní room mi. Ẹ bá mi snap ẹ̀. Mo rí i online pé company yẹn fẹ́ ti àwọn old games wọn pa, Friday, five o'clock. After that, ó parí nìyẹn. Thank you, Auntie mi.”

Key tó ń wí yìí, lẹ́tà àti nọ́ńbà márùndínlọ́gbọ̀n ni, tí wọ́n máa ń fún ẹni tó bá fowó ra géèmù. Láìsí i, kọ̀ǹpútà kò ní ṣí géèmù náà, kódà bí èèyàn bá ní sídì rẹ̀ lọ́wọ́.

Adùnọlá kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ èsì padà: “Má ṣèyọnu, ọkọ mi. Màá snap ẹ̀.” Ọkọ mi ló ń pè é láti kékeré, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ.

Irọ́ gbuu ni. Kò sí dúrọ́ọ̀ nínú yàrá yẹn mọ́. Kò sí bẹ́ẹ̀dì, kò sí tábìlì. Ní oṣù kẹfà, wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Glenarden pé ìdílé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ọ̀yọ́, tọkọtaya pẹ̀lú ìbejì, pé orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń sùn. Kí wọ́n tó ṣe àmín, Adùnọlá ti nawọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tú yàrá Akóredé pátá. Ó kó aṣọ sí báàgì, ó gbọn dúrọ́ọ̀ náà dáadáa, ó da gbogbo bébà tó wà níbẹ̀ sínú garawa búlúù tí wọ́n ń kó bébà sí níwájú ilé, ọkọ̀ sì wá gbé e lọ. Ó tiẹ̀ ń kọrin bó ṣe ń ṣe é ni, nítorí inú rẹ̀ ń dùn pé òun ń ṣiṣẹ́ Olúwa. Ó ní òun á sọ fún Akóredé bó bá wá. Akóredé wá, ó jẹun, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo bọ́ọ̀lù, kò gun òkè, ó sì lọ. Adùnọlá gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Akóredé tún wá lẹ́ẹ̀kejì, Adùnọlá tún gbé e mì.

Ẹ lè ní, kí ló wá le níbẹ̀? Odidi àgbà obìnrin, kó sọ òótọ́ kó lọ sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ò tíì jẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rí.

Délé ni àkọ́bí, Akóredé ni àbíkẹ́yìn, ọdún méjìlélógún ló wà láàárín wọn. Nígbà tí ìyá wọn kú ní Ìbàdàn, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Akóredé, bàbá wọn sì ti ṣáájú lọ. Ó ti pé mọ́kànlá kí wọ́n tó rí ìwé rẹ̀ gbà, tó fi dé Clinton pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Kí ọmọ náà tó balẹ̀ rárá, àwọn ẹbí ti ń pe Délé lórí fóònù: “Ṣé ìyàwó ẹ ń fún un lóúnjẹ dáadáa?” Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá Délé ń fún un. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ni ayé ń wò. Nínú gbogbo ìtàn tí wọ́n pa fún wa ní kékeré, òun náà ló máa ń kó ẹrù ọmọ òrukàn síta. Adùnọlá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti pinnu pé wọn kò ní fi òun pa irú ìtàn bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò sọ̀rọ̀. Oṣù méje gbáko, “ẹ káàárọ̀” àti “ẹ ṣé” nìkan ni. Olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pe Délé pé bóyá etí rẹ̀ ló di. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ lọ ra bàtà, Adùnọlá wẹ̀yìn kò rí i, ó padà, ó sì bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, tó ń wo páálí géèmù rélùwéè kan bí ẹni ń wo ará ilé rẹ̀. Ọmọ náà kò béèrè. Adùnọlá náà kò bi í. Ó wọlé, ó rà á, ó gbé e fún un.

Nínú géèmù yẹn, èèyàn á máa to irin sílẹ̀, á máa kọ́ ìlú, á sì sọ ìlú náà lórúkọ tó bá wù ú. Ní ọjọ́ kẹta, bí Adùnọlá ti ń gbé aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ wọ yàrá, ọmọ náà fi ìka tọ́ka sí ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Auntie, ibí ni Dùgbẹ̀.” Adùnọlá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú aṣọ lórí itan. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí kó tó wọ kíṣìnnì, Akóredé á sì máa ṣàlàyé Ìbàdàn tó kọ́ fún un: Mọ́níyà rèé, Sángo rèé, ọkọ̀ yìí ò ní dúró ní Omi-Àdìó o, Auntie. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bọ́ sí i lẹ́nu nìyẹn.

Ìlú yẹn gan-an ló fẹ́ fi han Zoe, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ní Sátidé. Bó bá wá bá yàrá òfìfo, tó gbọ́ pé Auntie ló kó ẹrù òun síta, tó sì tún parọ́ lé e, kí ni yóò rò? Adùnọlá mọ ohun tí yóò rò. Kò ní bínú, kò ní pariwo. Á ní “Kò séwu, Auntie,” á sì padà sí ẹ káàárọ̀ àti ẹ ṣé. Ìyẹn ló ń ba Adùnọlá lẹ́rù. Kò lè fojú inú wo oṣù méje mìíràn, ká má tíì sọ ọdún méje.

Ní Ọjọ́bọ̀, bí ó ti kúrò níbi iṣẹ́, ó wakọ̀ lọ sí Landover, sí fúláàtì Ọlọ́ládé, bàbá ìbejì tí wọ́n fún ní dúrọ́ọ̀. Ó ti pè é lórí fóònù, Ọlọ́ládé sì ti sọ fún un pé àwọn ò bá bébà kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà. Tọkọtaya náà kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbé mínírà fún un. Adùnọlá ní òun kàn fẹ́ yẹ abẹ́ dúrọ́ọ̀ náà wò ni. Ó fa àpótí rẹ̀ yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tan iná fóònù sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú kọ̀rọ̀ tí eruku wà. Pẹ́ńsùlù ọmọdé kan ló bá ọwọ́ rẹ̀ jáde. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí i pé ìyàwó Ọlọ́ládé ti gbá aṣọ àwọn ìbejì mọ́ àyà, tí ojú rẹ̀ ti yí padà.

“Mummy,” ni obìnrin náà rọra sọ, “ṣé ẹ fẹ́ gbà á padà ni?”

“Olúwa má jẹ̀ẹ́ o!” Adùnọlá dìde wéré. “Tiyín ni. Tiyín ni títí ayé.” Ó bá wọn to aṣọ padà, ó sì jáde. Lójú ọ̀nà, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tó máa ń wà ní òpópónà Beltway lákòókò yẹn, ó fi ọwọ́ gbá sítíárìn mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, ó tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, ó délé ní aago kan, ó sì pe ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni. Orin ń dún sí i létí fún wákàtí kan ó lé kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Aaron tó gbé fóònù. Aaron kò le lẹ́nu. Ó tẹ nǹkan títí, ó ní òun ti rí ibi tí géèmù náà wà nínú ìwé àwọn: orúkọ Akóredé ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ímeèlì Adùnọlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá nígbà náà, àgbàlagbà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fún un.

“A dúpẹ́ o,” ni Adùnọlá wí lédè Gẹ̀ẹ́sì, ara rẹ̀ sì fẹ́ rọ̀. “Ó yá, ẹ ka kóòdù náà fún mi.”

Aaron ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ sí i kọ́ ló ni ín. Ímeèlì tí ọmọ náà lò sì jẹ́ ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Ìbéèrè kan wà tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ dáhùn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, ẹni tó bá lè dáhùn rẹ̀ bó ṣe dáhùn rẹ̀ yóò rí kóòdù náà. Òun á fi ojú-ìwé ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí ímeèlì Adùnọlá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré lèèyàn lè dán an wò. Bó bá kùnà nígbà mẹ́ta, á ti ara rẹ̀ pa, kò sì sí ẹni tó lè bá a ṣí i, nítorí àwọn gan-an ń palẹ̀ mọ́ ní aago márùn-ún.

“Kí ni ìbéèrè ọ̀hún?”

“Kí ni orúkọ ìyá rẹ?” ni Aaron kà sí i létí.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Adùnọlá. Ìyẹn náà ni wọ́n ń fi dẹ́rù ba èèyàn? Bí ojú-ìwé náà ti ṣí, ó tẹ *Iya Dele*, ó sì tẹ bọ́tìnì. Ojú-ìwé náà pọ́n. Ó ku méjì.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Ta ló ń jẹ́ Ìyá Délé nínú ìwé? Ṣùgbọ́n orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pe ìyá ọkọ rẹ̀ nìyẹn, orúkọ tí òun náà fi mọ̀ ọ́n. Níwájú obìnrin náà, “Mà” ló ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Délé. Nínú gbogbo ọdún tó fi jẹ́ ìyàwó ilé wọn, orúkọ àbísọ ìyá ọkọ kò gba ẹnu rẹ̀ kọjá rí, ó sì ti wá rí i báyìí pé kò tilẹ̀ dá òun lójú pé òun mọ̀ ọ́n. Kò ní ẹni méjì tó lè bi. Délé ló kù, Délé tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn.

Délé wà nísàlẹ̀ ilé, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì. Adùnọlá kò tíì sọ̀rọ̀ náà dé ìdajì tí ọkọ rẹ̀ fi bọ́ ẹ̀rọ tó wà létí rẹ̀.

“Felicia ni,” ni Délé wí. “Felicia Ọmọ́kẹ́mi. Ìwọ náà, ta ló ń kọ Ìyá Délé fún òyìnbó?”

“Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn! Ṣé o fẹ́ kí n máa pe ìyá ọkọ mi ní Felicia ni?”

“Kí ló dé tí o ò pe Akóredé, kó sọ ọ́ fún ẹ?”

“Délé, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, má dán an wò. Má pè é.”

Délé, tó ti mú fóònù lọ́wọ́, wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀. Wọ́n jọ gòkè lọ. Adùnọlá tẹ *Felicia* ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, Délé ń wò ó láti èjìká. Ó pọ́n. Ó ku ẹyọ kan. Aago mẹ́ta ti kọjá àádọ́ta ìṣẹ́jú.

Délé ní kí àwọn pe Màmá Mọ́kọ́lá, ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Alẹ́ ti lẹ́ ní Ìbàdàn nígbà yẹn. Fóònù já lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí màmá náà tó gbé e.

“Ta ló ń béèrè orúkọ àbúrò mi tó ti kú?” ni màmá wí, lẹ́yìn tí Délé ti kí i tán, tó sì ti ṣàlàyé. “Fún kí ni? Fún ẹ̀rọ? Délé, ṣé ìwọ nìyẹn àbí àwọn gbájúẹ̀? Wọ́n ní wọ́n ti ń fi ohùn ọmọ ẹni pe èèyàn báyìí.”

“Èmi ni, Mà. Èmi Délé ni.”

“Tó bá jẹ́ ìwọ ni, kí lo fọ́ nílé mi lọ́dún tí wọ́n gbé ẹ wá lo họ́lidé?”

“Mà, àsìkò ń lọ...”

“Kí lo fọ́?”

Délé, ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, wo ìyàwó rẹ̀, ó gbójú sílẹ̀. “Àwo, Mà. Àwo tí ẹ fi ń gba àlejò.”

“Mélòó?”

“Mẹ́fà, Mà.”

“Ẹ̀n-ẹ́n, ìwọ ni. O ṣì jẹ mí ní àlàyé.” Màmá wúkọ́. “Ilé-ìwé ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Felicia. Àwa ń pè é ní Ọmọ́kẹ́mi. Bàbá wa kì í pè é ní nǹkan kan ju Àbẹ̀kẹ́ lọ. Èwo lẹ ń wá nínú ẹ̀?”

“Èyí tí Akóredé mọ̀ ni, Mà.”

“Akóredé? Mọ́mì ló ń pè é. Ọmọ wo ló ń pe ìyá ẹ̀ lórúkọ?”

Fóònù tún já. Wọn kò tún un pè. Aago mẹ́rin ti kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún.

Délé ní Ọmọ́kẹ́mi ni. Ó dá a lójú, ó ní, orúkọ tí ẹbí ń pè ni ọmọdé máa ń gbọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ó ní ó tún lè jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ o, nítorí orin oríkì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní ó lè jẹ́ Mọ́mì. Adùnọlá ti tẹ *Omokemi* síbẹ̀. Ó kù kó fọwọ́ kan bọ́tìnì.

“Sáà tẹ̀ ẹ́,” ni Délé wí. “Ohun tó bá ṣẹlẹ̀, ká mọ̀ ọ́n.”

Kò lè tẹ̀ ẹ́. Bó bá pọ́n, ìlú Akóredé ti lọ nìyẹn, Dùgbẹ̀ lọ, Mọ́níyà lọ, òun á sì tún ní láti sọ òótọ́ náà ní Sátidé, lójú Zoe, nígbà tí kò ní àtúnṣe mọ́. Ẹnìkan wà ní Adelphi tó mọ ohun tó kọ. Ìtìjú òun nìkan ló wà láàárín wọn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ti Adùnọlá kò tilẹ̀ rìn jìnnà, ọjọ́ mẹ́ta péré ni, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

Ó gbé fóònù. Akóredé kò gbé e. Ó tún pè. Kò gbé e. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ kì í ṣe ti ọ́fíìsì, ó lè wà nínú igbó kan báyìí kí fóònù rẹ̀ wà nínú mọ́tò. Adùnọlá dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Délé bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lábẹ́lẹ̀, Adùnọlá sì ní kó dákẹ́, ó ń dí òun lọ́wọ́. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, atẹ́gùn fẹ́ lu fóònù, ohùn sì wọlé.

“Hello, Auntie?”

“Akóredé,” ni Adùnọlá wí.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ló pè. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n.

“Auntie, kí ló ṣẹlẹ̀?” Ohùn ọmọ náà ti yí padà. “Ṣé Bọ̀dá ni? Ṣé kò sí nǹkan?”

“Bọ̀dá ẹ wà níbí. Kò sí nǹkan tó ṣe ẹnikẹ́ni. Gbọ́ mi. Bébà ẹ ò sí mọ́. Dúrọ́ọ̀ náà ò sí mọ́. Mo ti kó gbogbo ohun tó wà ní yàrá ẹ fún àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì láti June. Mi ò bi ẹ́, mi ò dẹ̀ sọ fún ẹ. Èmi ni mo da bébà yẹn nù. Mo wá tún parọ́ fún ẹ pé màá snap ẹ̀.” Ó mí. “Àwọn company yẹn ní ká sọ orúkọ ìyá ẹ, bí o ṣe kọ ọ́ nígbà yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni. Mo ti ba méjì jẹ́. Ó ku ẹyọ kan.”

Atẹ́gùn nìkan ló ń fẹ́ lórí fóònù. Ọkọ̀ ńlá kan kọjá níbi tí Akóredé wà, ariwo rẹ̀ wá, ó sì lọ. Adùnọlá di etí tábìlì mú. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìdákẹ́jẹ́ tí mò ń sá fún ti bẹ̀rẹ̀.

“Kí lẹ kọ́kọ́ kọ?” ni Akóredé béèrè níkẹyìn.

“Ìyá Délé.”

“Ìkejì ńkọ́?”

“Felicia.”

Ohùn Akóredé wá rẹlẹ̀ débi pé Délé ní láti fi etí ti fóònù.

“Auntie, I was eleven. Mọ́mì ti kú. Mi ò rò pé wọ́n lè máa béèrè ẹni tó ti kú. Mo ní ẹni tó wà pẹ̀lú mi báyìí ni wọ́n ń bi mí. Orúkọ yín ni mo kọ. Ẹ kọ Adunola.”

Délé yí ojú sí ògiri. Adùnọlá kò rí bọ́tìnì mọ́, omi ti bo ojú rẹ̀. Délé nawọ́ pé kí òun bá a tẹ̀ ẹ́, Adùnọlá gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó pa Omokemi rẹ́. Ó tẹ orúkọ ara rẹ̀, ó wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan rí bí ọmọ tó ń kọ́ ABD, ó sì fọwọ́ kan bọ́tìnì.

Ojú-ìwé náà yí padà sí àwọ̀ ewé. Lẹ́tà àti nọ́ńbà márùndínlọ́gbọ̀n jáde síbẹ̀ ní ìdì márùn-ún.

“Ó ṣí,” ni Adùnọlá wí. “Akóredé, ó ṣí.”

“Ẹ dúró, laptop wà nínú mọ́tò, mò ń sáré lọ síbẹ̀.” Wọ́n gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí òkúta, wọ́n gbọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń mí. “Oyá, Auntie. Ẹ máa kà á.”

Adùnọlá ka lẹ́tà márùn-ún àkọ́kọ́. Nígbà tó dé ìdì kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Gbogbo ẹkún ọjọ́ mẹ́ta ló dà jọ, Délé sì dúró tì í, kò mọ ibi tí ó lè fọwọ́ sí.

“Auntie,” ni Akóredé wí nínú fóònù, “ẹ má tíì sunkún, ẹ jọ̀ọ́. Four fifty-one ti lù. Tí a bá parí, ẹ lè wá sunkún, màá dúró lórí phone. Ẹ ka èyí tó kù fún mi.”

Adùnọlá fi etí ìró rẹ̀ nu imú, ó gbé awò rẹ̀ padà sójú, ó sì kà á.